Sòbìà Ẹsẹ̀ Mi àti Ọkùnrin Tó Fi Mí Polówó

Mò ń kọ ebè lọ́wọ́ nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo rò pé ìjàlọ ni. Mo gbọn ẹsẹ̀ títí, yíyún kò lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ibà ti gbé mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìléròrò kan ti yọ níbẹ̀, ó ń jó mi bí ẹyin iná.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, wò ó. Ó ní, "Àkànní, sòbìà ni."

Aràn ni sòbìà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, abẹ́ awọ ni ó ń rìn. Ibi tó bá wù ú ni yóò dá ihò sí. Àbẹ̀kẹ́ ní kí a máa bu omi tútù sí i títí aràn yóò fi yọ orí, kí a wé e mọ́ igi ìgbálẹ̀, kí a máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. A kì í fà á.

Ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú, ebè mi kò sì tí ì tó. Ta ní fẹ́ gbọ́ díẹ̀díẹ̀? Aládùúgbò mi kan ti ọjà Akínyẹlé dé, ó ní ọkùnrin kan ń ké níbẹ̀ pé, "Ẹ fi ẹ̀tù mi pa á láàárọ̀, ẹ fà á lálẹ́! Arọ á sọ ọ̀pá nù, á gbá ọkọ́ mú!" Ó ti bá mi ra díẹ̀. Mo fi pa á. Mo fà á. Ó já.

Èyí tó bá kù sínú ẹran ara á kú síbẹ̀, á sì jẹrà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú dé orúnkún, ó ń dán bí ìkòkò tí a fi epo pa. Orí ẹní ni mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àbẹ̀kẹ́ ń fi omi gbígbóná jó o títí ó fi bẹ́, tí ọyún ń dà. Ó ń sunkún, ó ń fọ̀ ọ́. Mò ń bú u, ó ń fọ̀ ọ́.

Ọgbẹ́ náà ń jiná bọ̀, mo ti lè fi ọ̀pá rìn, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti ọjà dé.

"Àkànní, wọ́n ń fi ọ́ polówó o."

"Wọ́n ń fi mí ṣe kí ni?"

"Ọkùnrin ẹlẹ́tù yẹn ní òun ló wo Àkànní abà Eléwùrà sàn. Ó ní o ti ń jó."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo tiro tẹ̀ lé Àbẹ̀kẹ́ dé Akínyẹlé. Obìnrin kan dúró níwájú ọkùnrin ẹlẹ́tù náà, ó pọn ọmọ tí wọ́n fi aṣọ wé lẹ́sẹ̀, ó ti ń tú owó ẹyọ.

Mo sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ẹ kú ọjà. Àkànní yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n! Ilé rẹ̀ ni mo ti jẹ iyán níjẹta. Ọkùnrin gàgàrà ni, ó ń sáré bí ẹtu!"

Èmi nìyí, orí mi kò kan èjìká Àbẹ̀kẹ́. Mo tú aṣọ ọgbẹ́ mi. "Èmi ni Àkànní. Iyán wo lo jẹ?"

Ìyá aláta kan tó pàtẹ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹtu yìí mà kúrú o!"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ò lò ó bó ṣe yẹ ni. Ó ti wo àwọn ẹlòmíràn sàn."

"Pe ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ọjà kún. Elépo ń kán epo sí wa lẹ́yìn ọwọ́ kí a tó rà. Ìwọ, kí lo kán sí wa lọ́wọ́?"

Ó wò yíká. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

"Ọjà tìrẹ, ẹsẹ̀ tèmi. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi polówó. Má fi ẹsẹ̀ mi ṣe é!"

Obìnrin náà di owó rẹ̀ padà. "Kí ni kí n wá ṣe, bàbá?" Àbẹ̀kẹ́ ti jókòó sílẹ̀, ó ń gba ọmọ náà sí itan, ó ń béèrè igi ìgbálẹ̀.

Odindi ni sòbìà ọmọ náà jáde. Orúnkún tèmi kò ká tán títí dòní; bí mo bá ń kírun, mo ń na ẹsẹ̀ kan síwájú, Ọlọ́run sì mọ ìdí rẹ̀. Alihamudulilahi, ó ṣì ń gbé mi dóko. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́, tí kò polówó ara rẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí sòbìà ń dà láàmú, ẹ má fà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ fà á, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú ẹni tó wò sàn wá, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú yín.