Ohùn Tí Mùbárákù Gbé Wá

Bí ẹnì kan bá kú láàrin àwọn ọmọ Okun tó ń gbé ní Karmo, lẹ́bàá olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, ilé Adétáyọ̀ ni àwọn ẹbí ń gbà lọ lẹ́yìn tí ẹkún àkọ́kọ́ bá ti rọlẹ̀. Òun ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọ́n máa ń kà níbi ìsìnkú. Á ní kí opó tàbí ọmọ sọ̀rọ̀, á dákẹ́ gbọ́, ìgbà tí onítọ̀hún bá lọ tán ni yóò tó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kì í kọ ìyìn asán. Bí olóògbé bá jẹ́ onínúfùfù, á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa gbà kọ ọ́, àwọn tó fẹ́ràn ẹni náà á rẹ́rìn-ín láàrin omijé.

Kò ríran. Àìsàn ojú kan tí kì í dunni ló jí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń ṣe akọ̀wé ní àárín ìlú, kò sì tíì darúgbó rárá nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀, Oyíndà, tó ń ránṣọ níwájú ilé, sọ pé ohun tó dun òun jù kì í ṣe ojú tó lọ. Ọwọ́ ọkọ òun ni, tó máa ń rìn lórí tábìlì oúnjẹ bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé, tí kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ ìka rẹ̀.

Mùbárákù ló wá nǹkan sábẹ́ ìka náà. Ọmọ Kàbbà ni, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà Idu, ó sì fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ti kó dànù. Ó to ọ̀kan pọ̀ fún Adétáyọ̀, ẹ̀rọ gọbọi tó nípọn lẹ́yìn bíi tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un, tí kò ní àwòrán kankan lójú àfi lẹ́tà. Ó fi ètò méjì sínú rẹ̀. Ọ̀kan ń ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, èkejì ń bójú tó fáìlì. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà báyìí, àwọn méjèèjì á wọ inú mẹ́mọ́rì, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi pa á. Bí Adétáyọ̀ bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, tó fẹ́ fi iṣẹ́ pamọ́ tàbí tó fẹ́ wá fáìlì kan, kò ní láti pa ohun tó ń kọ dé. Á tẹ bọ́tìnnì méjì pa pọ̀, alábòójútó fáìlì á yọjú, á jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, á tún padà síbi tó sápamọ́ sí.

"Ẹ fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ẹ̀gbọ́n," ni Mùbárákù wí nígbà tó ń kọ́ ọ. "Ẹ kàn pàtẹ́wọ́, ó ti dé."

Ohùn tó ń kàwé náà kò gbọ́ Yorùbá. Ṣe ló ń pe orúkọ àwọn òkú bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, tí ọ̀fìnkìn sì tún ń dà láàmú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí. Kúnbi, ọmọ Adétáyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ra láptọ́ọ̀pù tuntun fún bàbá rẹ̀ nígbà kan, ó ní ìyẹn á sọ̀rọ̀ bí ènìyàn gidi. Bàbá gbìyànjú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìka rẹ̀ mọ̀ ló ti ṣí kúrò níbi tó fi í sí. Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀ tọpẹ́tọpẹ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni Adétáyọ̀ ráhùn pé ohùn ẹ̀rọ náà ti ń kùn jù létí òun. Kò pẹ́ tí Mùbárákù fi dé, tòun ti díísìkì kan tó wé sínú ọ̀rá. Ó ní òun ti rí ohùn mìíràn tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jókòó tì í, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀, Adétáyọ̀ sì ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já láàrin ọ̀rọ̀ bíi ti ẹni tó ń gun òkè.

"Mùbá, kí ló ń ṣe èémí ẹ?"

"Eruku ni, Ẹ̀gbọ́n. Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o."

Kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ohùn náà mọ́ gaara, bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Adétáyọ̀ pàtẹ́wọ́, ó pe Oyíndà kó wá gbọ́. Ṣùgbọ́n Mùbárákù kò dúró jẹun. Ó ní ó ti rẹ òun, pé òun á padà wá yẹ ìyókù wò bí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán.

Jímọ̀ dé, kò wá. Gàníyátù, ìyàwó rẹ̀, ló pè láti ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó ti ń ṣe é tipẹ́. Kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, wọ́n ti sin ín. Adétáyọ̀ di èjìká Oyíndà mú létí sàréè, ó ń gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń wọlẹ̀.

Gàníyátù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. "Bàbá Kúnbi, ẹ ti kọ ti gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ tiẹ̀ náà, kí wọ́n kà á níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ."

Kò sí ẹni tí Adétáyọ̀ ní láti bi ní ìbéèrè lórí èyí. Ó jókòó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọ ọ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ látìgbà tí ohùn tuntun náà ti dé, ohùn náà sì ń kà á fún un ní gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò jẹun ọ̀sán. Ìgbà tó kọ ọ́ tán, tó gbọ́ ọ pé ó dára, ó tẹ bọ́tìnnì méjì rẹ̀ láti pe alábòójútó fáìlì kó wá fi í pamọ́.

Kẹ́kẹ́ pa. Ó tẹ òmíràn. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Oyíndà!"

Oyíndà sáré wọlé, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí lo rí lójú ẹ̀?"

"Àpótí tó máa ń kó orúkọ àwọn fáìlì jáde yẹn ni. Ìdajì ẹ̀ ló yọ. Kò mira."

"Ohun tí mo kọ ńkọ́?"

"Mo ṣì ń rí díẹ̀ níbẹ̀, nísàlẹ̀. Ṣé kí n pa á ni, ká tún un tàn?"

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá pa á, iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀ kò lè pa á. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ń gbọ́ bí fáànù inú rẹ̀ ṣe ń yí, bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Wọ́n wà báyìí títí iná ìjọba fi lọ. Fáànù náà fà díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó dìde dúró láìsí ìwé. Ó sọ̀rọ̀ nípa Kàbbà, ó sọ nípa ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Idu. Ìgbà tó dé ibi tó fẹ́ ti sọ ohun tí Mùbárákù ṣe fún òun, ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, kò lè parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi Hausa kí i pẹ̀lẹ́, "Sànnu, Bàbá, sànnu." Àáfà rọra gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Kúnbi pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́. "Dádì, ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti lọ."

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe é ni," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

Ọjọ́ kejì, ó ní kí Oyíndà gbé àga wá kó wá ṣe ojú fún òun. Mùbárákù ti sọ fún un rí pé bí àwọn ará ilé kan bá ń jà, kí a lé gbogbo wọn síta, kí a wá máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó mọ oníjà ibẹ̀. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà láìjẹ́ kí ètò kankan wọ mẹ́mọ́rì. Ó dúró dáadáa. Wọ́n pe alábòójútó fáìlì nìkan wọlé. Adétáyọ̀ tẹ bọ́tìnnì, Oyíndà ní ó yọjú, ó sì padà. Wọ́n pe ohùn nìkan, ó kàwé ketekete. Wọ́n pe àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ náà tún gan paali.

Adétáyọ̀ rò pé bóyá bọ́tìnnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà sí. Ó pààrọ̀ ti alábòójútó. Pàbó ló já sí. Ó wá yí bí wọ́n ṣe ń wọlé padà, ó ní kí ohùn ṣáájú, kí alábòójútó tẹ̀ lé e.

"Ó kọ nǹkan," ni Oyíndà wí. Ó súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ní mẹ́mọ́rì tó kù kò tó òun."

Ó yé Adétáyọ̀ wàyí. Ohùn tuntun náà sanra ju ti àtijọ́ lọ, ó ti jókòó gba gbogbo àyè. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Mùbárákù ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀, nítorí kì í gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká láìtíì dán gbogbo nǹkan wò pa pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò dán an wò. Agbára tó kù lára rẹ̀ kò tó.

"Kì í ṣe eruku," ni Adétáyọ̀ wí.

"Kí lẹ wí?"

Adétáyọ̀ dorí kodò sórí kíbọ́ọ̀dù, ó sun ẹkún tó gbé mì létí sàréè. Oyíndà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sọ pé kó dákẹ́.

Ìgbà tó nu ojú tán, Oyíndà bi í bóyá kí wọ́n dá ohùn àtijọ́ padà. Ó mi orí. Ó ní kò dìgbà tí gbogbo ara alábòójútó fáìlì bá jókòó sínú mẹ́mọ́rì. Ó lè fi etí nìkan síbẹ̀, kí ìyókù ara rẹ̀ wà nínú díísìkì títí wọ́n á fi pè é. Òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu Mùbárákù, ṣùgbọ́n òun kò mọ àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún un. Oyíndà ṣí ojú ewé ìrànlọ́wọ́ ètò náà, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Adétáyọ̀ ń ní kó tún ibí kà, kó tún ibẹ̀ kà, títí wọ́n fi kan àṣẹ náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ń jí. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ohùn sọ̀rọ̀. Adétáyọ̀ tẹ bọ́tìnnì méjì. Díísìkì lọ̀ gìrìgìrì, ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn fáìlì: gbogbo òkú tó ti kọ ìtàn wọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ó ti ṣe!" ni Oyíndà wí.

"Ó ti ṣe," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀.

Ó tún ìtàn náà kọ. Kò rí gbólóhùn ti àkọ́kọ́ mú padà. Èyí kúrú, kò sì dùn tó tàkọ́kọ́ létí rẹ̀. Oyíndà lọ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, àwọn méjèèjì sì gbé e lọ bá Gàníyátù.

Wọ́n bá a nídìí ẹrù. Ó ń kó àwọn ọmọ padà sí Kàbbà, ọkọ̀ ti wà níta. Síbẹ̀ ó jókòó sórí àpótí kan, ó ní kí Oyíndà kà á fún òun. Nígbà tí Oyíndà kà á parí, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò fi bó ṣe máa ń hanrun sí i," ni Gàníyátù wí.

"Mi ò mọ̀," ni Adétáyọ̀ dáhùn.

"Níbo lẹ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ilé kejì gan-an máa ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ kì í sùn àfi tí wọ́n bá gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì já. "Wọn ò sùn dáadáa látìgbà yẹn."

Adétáyọ̀ na ọwọ́ sí ọ̀nà ibi tí ohùn náà ti wá, Gàníyátù dì í mú.

"Kai, Hájíà, mu tafi!" ni dírẹ́bà kígbe ní Hausa láti ìta pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Gàníyátù ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀, ó dìde, ó pe àwọn ọmọ. Adétáyọ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó ń fi etí tẹ̀ lé ọkọ̀ náà títí ariwo rẹ̀ fi wọ àárín ti àwọn ọkọ̀ yòókù, tí kò lè dá a mọ̀ mọ́.