Ìwé Mẹ́fà Tí Oòrùn Ti Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá Oòrùn fi ya oòrùn. Kì í ṣe oòrùn ẹlẹ́rìn-ín tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń yà sẹ́yìn ìwé o. Oòrùn gidi ni, bó ṣe yọ lọ́jọ́ náà, tòun ti gbogbo àbàwọ́n ojú rẹ̀. Láàárọ̀ tí ìkùukùu kò bá ti bolẹ̀, yóò gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínláàádọ́ta lọ sí yàrá òkè ilé ìwádìí, yóò fa òrùlé onírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì kọjú awò ńlá sí oòrùn. Awò náà á ju àwòrán oòrùn sórí bébà funfun tó wà lórí tábìlì, roboto bí àwo ìjẹun. Ibi tó bá dúdú nínú rẹ̀, Màmá Oòrùn á fi pẹ́ńsù tọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Ẹ má fojú kéré àbàwọ́n wọ̀nyẹn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni oòrùn ti ń bú gbàù, tí yóò tu iná sínú òfuurufú, tí ìjì náà yóò sì la àárín àwọn ayé mìíràn kọjá, títí dé ibi tó jìnnà réré tí afẹ́fẹ́ oòrùn kò ti lágbára mọ́. Bó bá bá ayé tiwa pàdé lọ́nà, iná mànàmáná lè lọ ní odindi ìlú, sátẹ́láìtì sì lè yadi.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Màmá Oòrùn. Bó bá jókòó síbi tí gbogbo èèyàn ń jókòó sí, òjìji ọwọ́ rẹ̀ á bo àwòrán. Ọjọ́ kejì tó débi iṣẹ́ ló gbé àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì tábìlì, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ohun tó jẹ́ òkè fún ẹlòmíràn wá di ìsàlẹ̀ fún un, ọ̀tún di òsì. Ìyẹn kò ṣòro. Bó bá yà á tán, á yí bébà po kó tó kọ déètì sí i. Àmọ́ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ọ̀gá àtijọ́ kan, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló máa ń bá a kọ déètì, bàbá náà kì í sì í yí nǹkan kan. Nígbà tí Màmá Oòrùn ṣàkíyèsí, ó kọ ọ́ gàdàgbà sínú páálí tí wọ́n fi bo ìwé àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọdún kan ìwé kan: "Yí àwòrán po kí o tó kà á."

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, wà nínú ilé ìwádìí kan náà, nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fọ́ dígí ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní òun lòun fọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n náà ló sì jẹ ẹgba. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ wá iṣẹ́ kí àbúrò lè máa kàwé lọ. Yàrá òkè yìí náà ni Dókítà ti kọ́kọ́ rí ojú oòrùn lórí bébà. Ó na ìka sí àbàwọ́n kan, ó ní ṣé ó gbóná ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Ìgbà tí Dókítà wá tọrọ àwọn ìwé àwòrán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ òun. Dókítà ní iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ni yóò ṣáájú. Màmá Oòrùn kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́, Dókítà ń tẹ fóònù. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìwádìí náà jáde. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oòrùn ló mọ̀ pé ìbúgbàù apá ọ̀tún ló tètè ń rí ayé wa bá, torí oòrùn ń yí bó ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, bí ẹni tó di rọ́bà omi mú tó ń pòòyì. Dókítà ní irọ́ ni, àwòrán ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fi hàn pé apá òsì náà kò gbẹ́yìn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Màmá Oòrùn ṣí ìwé ìwádìí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń wá orúkọ ara rẹ̀. Ìparí pátápátá ló ti rí i pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn òṣìṣẹ́ yàrá òkè." Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní yàrá òkè. Ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà gbàgbé ni.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Ó ní àbàwọ́n oòrùn máa ń ti òsì lọ sí ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé mẹ́fà kan, láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń bọ̀ wá sí òsì. Oòrùn kì í fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?

Dókítà gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínláàádọ́ta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, lẹ́tà lọ́wọ́. Màmá Oòrùn kà á, ẹ̀rín sì pa á. Ó ní ṣé òun kò sọ fún un ni, ṣebí ó wà nínú páálí. Dókítà gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n ti ya àwọn páálí kúrò kí ẹ̀rọ lè da àwòrán kọ, wọ́n sì ti kó wọn padà sínú dúrọ́ọ̀ Màmá Oòrùn láìṣí ọ̀kan wò. Ó ní òun á tún un ṣe kíákíá. Ẹ̀gbọ́n bi í pé orúkọ òun ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ yín á wà níbẹ̀."

Orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àtúnṣe jáde, ó ní àṣìṣe inú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ ti ọwọ́ àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ tó yà wọ́n wá. Orúkọ Màmá Oòrùn ló tẹ̀ lé e, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá wọn, lẹ́tà kan kò dín. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Odindi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé.

Ó kó páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ abíyá, ó sọ̀kalẹ̀. Dókítà dìde, ó fún un ní àga, ó bu omi tútù fún un. Kò mu ún. Ó to páálí náà sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Dókítà lè ka ohun tí òun fọwọ́ òsì kọ síbẹ̀. Dókítà ń ṣàlàyé. Ó ní bí òun bá gbà pé àṣìṣe òun ni, wọ́n á gbapò lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ó ku ọdún kan péré kí ẹ̀gbọ́n òun fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan.

"Orúkọ bàbá wa lo kọ síbẹ̀," ni Màmá Oòrùn wí. "Dígí ìyá wa, ta ló fọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n gbọ́."

Dókítà wo fóònù rẹ̀. Fóònù náà kò dún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí jọ, ó ní òun á bá a tọ́jú wọn. Màmá Oòrùn gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà obìnrin ayẹ̀wò ṣì wà lórí tábìlì yàrá òkè, àdírẹ́sì sì wà lórí rẹ̀. Kó tó relé, ó kó páálí sínú àpò ìwé ńlá, ó fi wọ́n ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò kọ lẹ́tà tì í. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n sin ìyá wọn, ó sì sunkún dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ dáadáa, àbàwọ́n kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀. Màmá Oòrùn jókòó sí òdìkejì tábìlì rẹ̀, ó yà á, ó yí bébà po, ó kọ déètì. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé orúkọ bàbá wọn, ó tẹ pẹ́ńsù náà débi pé ẹnu rẹ̀ kán. Ó gbẹ́ ẹ, ó sì kọ èyí tó kù.