Ẹni Tó Ń Ṣa Ìràwọ̀ Ẹ̀yìn

Inú ṣì ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń jókòó sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, tó ń wo àwòrán ojú ọ̀run lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá rẹ̀ ń wá bí ohun àìrí tó wà láàárín àkójọ àwọn agbo ìràwọ̀ kan ṣe wúwo tó. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí òṣùwọ̀n? Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo tó wà lẹ́yìn pátápátá bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù ńlá bẹ́ẹ̀, ó máa ń tẹ̀, àwòrán wọn á sì fà gùn. Bó ṣe gùn tó ni wọ́n fi ń mọ ìwúwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣa ti ẹ̀yìn sọ́tọ̀. Ti inú àkójọ kì í fà. Bí wọ́n bá dà á mọ́ ti ẹ̀yìn, ìwúwo á fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá ṣèlérí pé orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ náà yóò wà nínú ìwé àbájáde. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ nìyẹn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí i kà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé pé kó máa ṣà á. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ yìí ń da ti inú mọ́ ti ẹ̀yìn. Gbogbo èyí tó bá ti ṣú díẹ̀, ẹ̀yìn ló ń pè é.”

“Ẹ̀yin Màmá, ojú lásán yín ló wá gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ?”

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo ìwọ̀sí! Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi tún wọn ṣà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó ń fi àwọ̀ wọn yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá fi èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ṣà ṣírò, ìwúwo náà fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, ó sì bá ohun tí àwọn mìíràn ti rí mu. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Fún ara rẹ̀ ni o.

Ìwé jáde. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka orúkọ mẹ́rìnlá, kò rí ti ìyá rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà wa tuntun, tó fara balẹ̀ ṣa ti ẹ̀yìn sọ́tọ̀.”

“Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣà wọ́n ni?”

“Èmi ni.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá gbé àwòrán àkójọ mìíràn wá sórí tábìlì rẹ̀, ó ní kó tètè bá òun ṣà á. Ẹ̀gbọ́n mi tì í padà.

“Ẹ gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”