Ikọ́ Ọmọ Inú Ìwé

Ọdún kejì tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ni. N kò lè fi nọ́ńbà pe ọdún náà torí n kò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n tó wà ní àdúgbò wa ní Òkè-Àdó. Ilé bàbá kan tó ń ta pákó ni ó wà. Ojú fèrèsé la ti máa ń wò ó, títí ìyàwó bàbá náà á fi fa aṣọ fèrèsé bò wá lójú. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣírò rẹ̀: eyín iwájú mi ti hù padà, ọyàn kò tíì yọ láyà mi. Sẹ̀nábù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ikọ́ ló rán mi létí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìrun àlàsárì, mo jókòó ní pálọ̀ ní Bódìjà níbí, mo ń bó ẹ̀gúsí, Sẹ̀nábù sì ń wo eré òyìnbó kan tí kì í fẹ́ kó fo òun. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti kó àwọn tó wà nínú eré náà jáde, ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nígbà tí ayaba wọn kan pẹ́ lórí oyè, kí wọ́n tó bí bàbá mi. Olúkúlùkù ló ní ìwé tirẹ̀, wọn kò mọra rí. Àwọn tó ṣe eré yìí ló wá kó gbogbo wọn sí àdúgbò kan, tí ará ìwé yìí fi ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ará ìwé tọ̀hún. Ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń bọ́ ọmọdé lóúnjẹ, ó rò pé kò ní yé mi. Mo kàn mi orí. Mo ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan wúkọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó rí tín-ín-rín, ó wọ kóòtù ọkùnrin tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán kọ́là mọ́ ẹ̀wù. Ó tún wúkọ́, ó fi aṣọ tó ń rán bo ẹnu. Ẹ̀gúsí dúró sí mi lọ́wọ́.

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba tó ń gbé Jẹ́ríkò ló ń fọṣọ fún. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kó o wá, kẹ̀kẹ́ náà ló fi ń kó o padà, á ti fi bébà di í bí ẹni di ọmọ tuntun. Okùn aṣọ ló gba gbogbo àgbàlá wa, tó bá di ọ̀sán, ẹ ò ní rí ojú ara yín láàárín ẹ̀wù funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú mẹ́ta la ní. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa fẹ́ná, kí ìkan máa gbóná de bàbá mi bí ìkan bá ti ń tutù. Á tutọ́ díẹ̀ sí ìdí áyọ́ọ̀nù. Bó bá dún ṣàà, ó ti tó lọ aṣọ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá Jẹ́ríkò kò mọ̀ nípa ti itọ́ yẹn títí wọ́n fi padà sílé. Torí iná yìí ni n kò fi lọ sí sùkúù. Àbúrò mi ọkùnrin ló lọ. Èmi ń lọ ilé kéú láàárọ̀, mo sì ń fẹ́ná lọ́sàn-án.

Òyìnbó kan fẹ́ máa lọ ilé, ó kó ìwé àtijọ́ jọ gègèrè fún bàbá mi pé kó fi dáná. Inú bàbá mi dùn, torí bébà ò pọ̀ nígbà náà. Èmi ni mò ń ya á síná. Bí mo ṣe ṣí ọ̀kan, mo rí àwòrán ọmọbìnrin kan nínú kóòtù ọkùnrin, ó ń ránṣọ. Mo wò ó, òun náà ń wò mí. N kò lè fi í síná. Mo fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí.

Rúùtù ni mo gbé e fún. Yàrá àwọn Rúùtù ló kọjú sí tiwa. Ará Ṣakí ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, kì í sábà gbélé. Ìyá rẹ̀ ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní Dùgbẹ̀, Ìyá Rúùtù ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ méjì ló bí. Ikọ́ ló pa ti àkọ́kọ́ ní Ṣakí, ó wá ku Rúùtù nìkan. Rúùtù wà ní mọ́dà, sùkúù tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn pírámárì, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ kí n pe òun ní sísì. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn: èmi ni mo ni ìwé, òun ló ni ojú tó ń rí i.

Lójoojúmọ́ tó bá ti sùkúù dé, á wá jókòó tì mí nídìí èédú. Kì í kà á sókè. Á wo ojú ìwé, á pa á dé, á wá fi Yorùbá gbé e kalẹ̀. Orúkọ ọmọbìnrin náà le lẹ́nu, ó ní kí a máa pè é ní Àbẹ̀ní. Odò ìlú wọn di Ògùnpa. Ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ẹ́ di ilé kan ní Jẹ́ríkò. Kùrukùru ìlú òyìnbó di ọyẹ́. Ìwé kan yìí kò sì tó Rúùtù. Àwọn ènìyàn tó ti kà nípa wọn ní mọ́dà, ó ń pè wọ́n wọlé. Ahun kan láti inú ìwé mìíràn di onílé Àbẹ̀ní. Pásítọ̀ ọ̀lẹ kan ń wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo wọn ń jà nídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo.

“Ṣé kì í ṣe inú ìwé ọjọ́sí ni pásítọ̀ yẹn wà ni?”

“Ó ti kó wá síbí. Ṣé ènìyàn kì í kó ilé ni? Fẹ́ná jàre, bàbá ẹ ń bọ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ pàlọ́ á kọ́kọ́ ké “Ààlọ́ o,” a ó sì dáhùn. Ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní “Ààlọ́ o” níwájú, ìròyìn ni. Rúùtù kò pe “Ààlọ́ o” rí. Mo gbà pé Àbẹ̀ní wà láàyè. Bí bàbá mi bá ti Jẹ́ríkò kó ẹ̀wù dé, mo máa ń yẹ kọ́là wọn wò bóyá òun ló rán an.

Ọjọ́ wá dé tí Àbẹ̀ní bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

“Ṣé ó máa kú ni?”

Rúùtù pa ìwé dé. “A ò tíì débẹ̀.” Kò wò mí lójú.

Ohun tí a máa ń ṣe fún aláìsàn nílé wa ni mo ṣe. Ṣúgà onígun-mẹ́rin wà tí àǹtí mi kan fún mi nígbà ọdún Iléyá, mo ń tọ́jú rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé kéú láti fi ṣe sàárà. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ bá mi ṣàdúrà fún ẹnì kan, Áàfáà. Ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń ṣe é.”

“Ọmọ alágbàfọ̀, Ọlọ́run á wo ẹni náà sàn. Kí lorúkọ ìyá ẹ̀?”

Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè nìyẹn, orúkọ ìyá ni àdúrà fi ń mọ ilé ẹni. N kò mọ ìyá Àbẹ̀ní, ó ti kú kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Mo ronú. Ẹnu Rúùtù ló ti jáde, ilé àwọn Rúùtù náà ni mo rí i pé ó ti wá. Mo ní, “Ọmọ Ìyá Rúùtù ni.” Áàfáà gbé ohùn sókè, ó tọrọ ìwòsàn fún ọmọ Ìyá Rúùtù tí ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń bá jà, ogójì ọmọ kéú ló ṣe àmín, wọ́n sì jẹ ṣúgà mi tán.

Kí Ìyá Rúùtù tó ti Dùgbẹ̀ dé, ogójì ilé ti gbọ́.

Kò pariwo. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ó pe Rúùtù, ó gbé etí lé e láyà bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá omi ń hó. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, èéfín èédú sì ti wọ Rúùtù lọ́fun ní gbogbo ọ̀sán tó fi ń jókòó tì mí. Ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo rí ojú ìyá rẹ̀.

Ó ní òun ń mú un lọ Ṣakí lọ́dọ̀ ìyá àgbà, àti pé sùkúù tán. Rúùtù sunkún, kò jẹun. Ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ, mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Rúùtù, mo ní kó jọ̀ọ́, ọmọ inú ìwé ni mo ṣe sàárà fún.

“Ọmọ inú kí ni?”

“Inú ìwé, mà.”

Ó gbá mi lápá mú. “Ta ló ń fi ṣúgà tọrọ àlàáfíà fún bébà? Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ẹ. Má tìtorí ẹ̀ parọ́.”

Bí mo ṣe pàdánù Rúùtù nìyẹn, mo sọ òtítọ́, òtítọ́ náà sì burú ju irọ́ lọ.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń lọ, mo fi bébà di ìwé náà bí bàbá mi ṣe ń di ẹ̀wù, mo gbé e fún Rúùtù nídìí ọkọ̀. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó gbà á, ó gbé e há abíyá.

Mo ní, “Àbẹ̀ní ńkọ́?”

“Ó ti gbádùn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ti kà á dópin. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé, ó jáde lọ síbi ẹ̀rọ omi, gbogbo wọn sì ń bá a yọ̀, àní onílé ahun yẹn pàápàá. Àdúrà yín ló gbà.” Ó fi ọwọ́ rẹ̀ nu èédú kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọkọ̀ gbéra. N kò fojú kàn án mọ́ láyé mi.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, obìnrin ará Ṣakí kan sọ fún mi ní Dùgbẹ̀ pé tíṣà kan wà nílùú wọn tó mọ ìtàn sọ débi pé àwọn ọmọ kì í fẹ́ lọ ilé. N kò béèrè orúkọ tíṣà náà. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bí mo ṣe di ẹ̀gúsí lọ́wọ́ mú, ọmọbìnrin inú tẹlifíṣọ̀n bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì jáde sí àdúgbò lọ bá àwọn yòókù. Sẹ̀nábù kọ háà, ó ní wọ́n ti ba ìwé jẹ́.

“Mámà, a ka ìwé yẹn ní Yunifásítì. Ó kú o. Ojú fèrèsé yẹn gan-an ló kú sí. Wọ́n kàn yí i padà ni.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Rúùtù ti rí ikú Àbẹ̀ní nínú ìwé, tó sì wò mí lójú nídìí ọkọ̀ tó ń gbé e kúrò ní sùkúù nítorí tèmi, tó ní àdúrà mi gbà.

Mo sọ fún Sẹ̀nábù pé wọn ò ba nǹkan kan jẹ́, ẹnì kan ti yí i padà ṣáájú wọn ní Òkè-Àdó, nídìí èédú. Áyọ́ọ̀nù èédú ti lọ. Ilé tí a gbé ti di ilé ìfowópamọ́, ṣúgà onígun-mẹ́rin ò sì jọ ọmọdé lójú mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ènìyàn ṣì ń kó láti inú ìwé kan lọ sínú òmíràn, bí àyè ibi tí wọ́n wà bá há mọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, tí ibà tàbí ikọ́ bá dá wọn dùbúlẹ̀, ìtàn Àbẹ̀ní ni mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó lo oògùn wọn. Mo ní ara rẹ̀ yá. Wọ́n á ní níbo ló wà, mo ní Jẹ́ríkò. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ni ìyá rẹ̀. Ìbéèrè Áàfáà nìyẹn, mo sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ nígbà náà. Mo ní Rúùtù ni.