Géètì Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tì ní Ìpọ̀nrí

Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún tí owó epo bẹntiróò ṣẹ̀ṣẹ̀ fò sókè, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìpọ̀nrí dé Ọ̀yìngbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní òpópónà wa máa ń bi mí ìdí tí ilẹ̀kùn kékeré fi wà lára ògiri ibùdó ìsinmi àwọn àlejò tó wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ.

Òpópónà wa ní ẹnu méjì nígbà náà. Èkíní ni géètì irin tí ẹgbẹ́ àwọn olùgbé dáwó ṣe nítorí olè, tó ní irin ṣóńṣó lórí. Ìta ló ń ṣí sí, torí gọ́tà kò jẹ́ kó ṣeé ṣí sínú. Èkejì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú pápá dé afárá kékeré orí kánáàlì. Ilé ìwòsàn wà lódìkejì. Abẹ́ igi pápá yẹn ni àwọn àgbà ti ń na ara láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni Tóbi ọmọ mi ti ń gba atẹ́gùn. Ó ní àsímà, tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fée. Kò sí ibi tí eruku ń bà sí láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan gba pápá náà. Wọ́n ní àwọn àlejò yóò máa ti òkè òkun wá sinmi níbẹ̀, wọn yóò máa fi òróró ra wọ́n lára, wọn yóò máa jókòó sínú yàrá olóoru, wọn yóò sì máa mu àgbo. Obìnrin ọ̀dọ́ tí wọ́n rán sí ìpàdé wa mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀yin òbí wa, ìdàgbàsókè tí kò ní ba àyíká jẹ́ ni. A ò ní gé igi kankan."

Mo dìde. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ọ̀nà ńkọ́?"

"A máa wò ó, mà."

"Ojú wo lẹ fẹ́ fi wò ó nígbà tí ògiri bá ti ga jù yín lọ?" Bàbá Alága wa ló sọ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti bá wọn darí ìyanṣẹ́lódì rí ní Ìdó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ìpàdé parí, wọn ò dáwọ́ ògiri mímọ dúró.

Nígbà tí ògiri dí ọ̀nà pátápátá, a pinnu láti ti géètì, nítorí òpópónà wa ni àwọn tíípà wọn ń gbà kó yanrìn wọlé. Bàbá Alága fi àgádágodo ńlá sí i. Ó máa ń ṣí i díẹ̀ fún ará ilé tó bá fẹ́ jáde, á sì tún tì í. A jókòó síbẹ̀, à ń kọrin, à ń pín gúgúrú àti ẹ̀pà.

Lọ́sàn-án, tíípà kan dé. Dírẹ́bà fọn fèrè títí.

"Ẹ ò ní ṣí i?"

"A ò ṣí i!"

"Ó dáa. Ẹ máa gbádùn àkámọ́ yín."

Ó wa mọ́tò sún mọ́ wa títí irin fi kan irin, ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. A pàtẹ́wọ́, a rò pé a ti lé e. Bàbá Alága ló kọ́kọ́ ṣí àgádágodo, ó fọwọ́ taari géètì, kò mì. Ìta ni géètì wa ń ṣí sí.

Nírọ̀lẹ́, àyà Tóbi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Oògùn tó ń fọ́n sẹ́nu kò ràn án, ètè rẹ̀ ti ń di dúdú. Mo pọ̀n ọ́n, bó ti dàgbà tó, mo sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà páànù tí wọ́n ń gbà wọ ibi iṣẹ́ wọn. Bàbá Alága tẹ̀ lé mi.

"Màmá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá," mégáàdì wí. "Àfi tẹ́ ẹ bá ṣí géètì."

"Báwo la ṣe fẹ́ ṣí i? Mọ́tò yín ló dí i!"

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, mo kígbe sí i pé Mọ́mì Tóbi ni mí, pé ọmọ mi ò lè mí. Ohùn obìnrin ọjọ́ ìpàdé ni mo gbọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì Tóbi. Ẹ kàn ṣèlérí pé ẹ ò ní dí ọ̀nà fún wa mọ́."

Mo wo Bàbá Alága. Bàbá gba fóònù. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A gbà. Ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn!"

Mégáàdì ṣí i. Ó já Tóbi gbà lẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ ò lè sáré tó mi." Ó gbé e sáré kọjá láàárín òkìtì yanrìn, ó kọjá afárá. Ilé ìwòsàn gba Tóbi, ó sì yè.

Lọ́jọ́ kejì, tíípà wọn kọjá lójú wa, ẹnikẹ́ni ò kọrin. Ṣùgbọ́n a ò dákẹ́ ní ìpàdé, a ń sọ ọ́, à ń tún un sọ, títí wọ́n fi dá ògiri lu, tí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn yẹn sí i. Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Pápá ti lọ. Lóòótọ́, wọn ò gé igi. Àwọn àlejò ló ń sinmi lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣì jẹ wá ní gbèsè ni ọ̀nà tí a ò ní tọrọ kí a tó gbà á. Lálẹ́, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn náà, àwọn òpópónà tó yí wa ká náà sì ń ti géètì tiwọn. Àsímà kì í wo aago.

Tóbi ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Kí n tó sùn, mo máa ń yọjú wo iná yàrá mégáàdì, kí n lè mọ̀ bóyá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn wà níbẹ̀.