Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Sábẹ́ Páìpù

Obìnrin kan tú mi fó níbi iṣẹ́ lónìí, inú mi sì ń dùn.

Èmi ni mo ń bójú tó àwọn páìpù tó ń gbé ooru gbígbóná jáde láti inú bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi, ní ilé iṣẹ́ wa ní Òṣogbo. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò, mo ní kí wọ́n kun gbogbo wọn lọ́dà. Wọ́n ń dán yinrin!

Ẹnjiníà Fọlákẹ́, ọmọ Iléṣà, ló wá. Bó ṣe dé, ó kúnlẹ̀. Mo ti ń dáhùn pé "ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ mi," àṣé kì í ṣe èmi ló ń kí. Ibi tí páìpù ti jókòó lórí irin tó gbé e dúró ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbé e kúrò lórí irin yìí kí ẹ tó kùn ún?"

"Rárá o. Ta ló fẹ́ rí abẹ́ ibẹ̀?"

"Omi ti rí i, sà."

A pa bọ́ílà. Nígbà tí páìpù tutù, a fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà sì ń já bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Irin páìpù tó nípọn tẹ́lẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì!

Kò bú mi. Ó kàn nawọ́ sí bẹ́ǹṣì tó wà nísàlẹ̀ páìpù náà.

"Ta ló ń jókòó síbí?"

Èmi ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́, lábẹ́ páìpù tó lè bẹ́ nígbàkígbà.

Ó ń padà bọ̀ lọ́la. Èmi ni mo máa dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ò ní dọ̀bálẹ̀?