Baba Àmì àti Ilé Búrẹ́dì

Baba Àmì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ní àpá kankan lára. Oníbúrẹ́dì ni. Bó bá po ìyẹ̀fun tó fi ìwúkàrà sí i, ńṣe ni yóò wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúrò nídìí iṣẹ́, kò sí ohun tí ọkùnrin yìí lè dá pinnu, àfi kí Olúwa kọ́kọ́ fi àmì hàn án. Bó bá fẹ́ ra bàtà, yóò ní bó bá jẹ́ ìfẹ́ Olúwa, kí ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí òun. Ta wá ni ọlọ́jà tí kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà? Bí bàtà ṣe kún abẹ́ ibùsùn rẹ̀ nìyẹn, òmíràn nínú wọn kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bó ṣe fẹ́yàwó pàápàá, àmì ni. Ó ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn pé obìnrin tó bá kọ́kọ́ sún fún òun lórí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì ni aya òun. Ìyá arúgbó kan tó ti ní ọmọ-ọmọ ló kọ́kọ́ sún. Baba Àmì di ojú ní kíá, ó ṣàlàyé fún Olúwa pé ẹnì kejì lòun ní lọ́kàn. Ẹnì kejì yẹn ló wá di ìyàwó rẹ̀. Ilé búrẹ́dì kan náà làwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́: ọkọ wà nídìí ààrò lẹ́yìn, ìyàwó ń tà níwájú.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ilé búrẹ́dì náà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn sì ti ní dandan, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ti kó búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, ó pe Baba Àmì.

"Mi ò fẹ́ kí iná ààrò yìí kú," ló wí. "Ìwọ ni mo fẹ́ fa ilé búrẹ́dì yìí lé lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ lo máa máa san owó rẹ̀ fún mi. Ṣé o gbà?"

"Màmá, ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ n gbàdúrà sí i ná."

"Gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n ṣe é kíá, torí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mi."

Baba Àmì sọ fún Olúwa pé bí ilé búrẹ́dì yìí bá jẹ́ tòun, kí ẹyẹ funfun bà sórí òrùlé. Ẹyẹlé kan bà lóòótọ́, ara rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ dúdú. Ìyẹn wá dà á lọ́kàn rú. Ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" tó ní wàhálà lẹ́yìn ni, àbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" tí Olúwa rọra sọ? Ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, èyí tí kì í fi ẹgbẹ́ aláàdúrà kankan ṣeré. Ẹ̀gbọ́n ní ààwẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Oníbúrẹ́dì wá ń gbààwẹ̀ níwájú búrẹ́dì gbígbóná! Kò pẹ́ tó fi ń bu díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu, tó ń ṣàlàyé fún Ọlọ́run pé iyọ̀ lòun ń tọ́ wò, iṣẹ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tó ṣí Bíbélì, tó di ojú tó sì fi ìka lé e, ojú ìwé òfo tó wà láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun ni ìka rẹ̀ bọ́ sí. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Olúwa kò tíì kọ nǹkan kan.

Ló bá lọ bá pásítọ̀, ó bá a níbi tó ti ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́.

"Ṣé iṣẹ́ tó mọ́ ni?" pásítọ̀ bi í.

"Ó mọ́, sà."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, sà."

"Kí ni ìyàwó rẹ wí?"

"Mi ò tíì bi í. Àmì ni mò ń dúró dè, sà."

Pásítọ̀ gbé òòlù sílẹ̀. "Ọlọ́run fún ẹ ní orí. Àbí o rò pé ibi tí fìlà á máa jókòó sí ló fi ṣe?"

Baba Àmì dúpẹ́, ó jáde. Ohun tó gbé lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ni pé pásítọ̀ sín kó tó fèsì, ó sì ń ronú ohun tí sísín yẹn lè túmọ̀ sí títí tó fi délé.

Ọjọ́ ìrìn-àjò Màmá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó di báàgì rẹ̀, ó sì wá gbọ́ èsì.

"Màmá, ó ku ẹyọ kan," Baba Àmì wí. "Mo ní bí òjò bá rọ̀ lónìí, mo gbà." Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà o!

Màmá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó tó ń to búrẹ́dì. "Ìwọ ńkọ́?"

Obìnrin náà nu ọwọ́ lára aṣọ. "Mo gbà, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo gbà."

Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí Màmá lọ tán, ọkọ rẹ̀ ya ẹnu.

"Mọ́mì, o ò tiẹ̀ gbàdúrà!"

"Mo gbàdúrà, Dádì. Kúkúrú ni. Mo ní kí Olúwa má fi mí sílẹ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Baba Àmì dúró lójú fèrèsé, inú ń bí i sí ojú ọ̀run. Àwọn oníbàárà wá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ bá wa kí ọ̀gá yín o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ikùn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ààrò sán láti òkè dé ìdí. Ooru ń gba ojú ibẹ̀ jáde, búrẹ́dì kò jinná mọ́, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbòmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baba Àmì fẹ́ wọ yàrá ìyẹ̀fun, ló bá gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú ibẹ̀.

"Olúwa, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe o. Ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ẹkún wà nínú ohùn náà.

Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé ẹ̀rù kò tíì kúrò lára obìnrin yìí láti ọjọ́ tó ti gba kọ́kọ́rọ́! Tẹ̀rùtẹ̀rù ló ń jí, tẹ̀rùtẹ̀rù ló ń ṣí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ó ń ṣí i. Ìtìjú mú Baba Àmì. Ó padà síwájú ààrò, ó la ẹnu láti béèrè àmì lọ́wọ́ Olúwa, bóyá kóun lẹ ojú ibẹ̀ ni àbí kóun wó o. Ó pa ẹnu dé.

"Olúwa, mo fẹ́ wó o," ló wí. "Bí mo bá ṣì í ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Ó gbé òòlù. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, tòun ti ìyẹ̀fun níwájú orí, bíríkì ti wà nílẹ̀.

"Dádì! Ta ló ní kẹ́ ẹ wó o?"

"Èmi ni."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó rí àlejò. Lẹ́yìn náà ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀.

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó ti inú ààrò tuntun jáde jóná lápá kan, ó funfun lápá kejì. Wọ́n tún ibi tí iná ń gbà ṣe, èyí tó tẹ̀ lé e sàn díẹ̀. Nígbà tó yá, oníbàárà tó ti yà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Baba Àmì dìde láti jẹ́rìí. Gbogbo ìjọ gbára dì fún ìran. Ó ní, "Ààrò wa sán. A gbàdúrà, a tún un mọ. Olúwa wà pẹ̀lú wa." Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ jù lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló bá fi iyọ̀ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, ìròyìn ti gba ìgboro kan pé áńgẹ́lì ló mọ ààrò náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti fọwọ́ kàn án. Baba Àmì búra, ó ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó hàn wọ́n. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Ìyàwó rẹ̀ jáde síwájú èrò. "Ẹ ṣọ́ra, ààrò gbóná o," ló wí. "Búrẹ́dì lẹ lè fọwọ́ kàn. Ó wà lórí tábìlì níbí."

Kó tó di ọ̀sán, kò ku ẹyọ kan.